Ọ̀pá Oníná Lára Fèrèsé Ìyá Wa

Òórùn ẹja yíyan àti ti epo ọkọ̀ ojú omi ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sílé wa ní Etikan, ilé pákó tó dúró lórí òpó láàárín omi. Ládùúgbò wa, onílé tó bá ti jí ni yóò ti pátákó fèrèsé rẹ̀ sókè, kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá lè mọ̀ pé ó jí ire. Bí ti àgbàlagbà kan bá ṣì wà ní títì, wọn yóò ya ibẹ̀ lọ wò ó.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ìyá wa lápá ọ̀tún, àwa là ń bá a ṣí tirẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn nínú rárá. "Ẹ̀yin lẹ wá ń bá mi jí báyìí," ló wí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe fún àwọn elépo rọ̀bì, ló ní ọ̀pá oníná kan wà tó lè ti fèrèsé sókè: téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, á gùn, téèyàn bá tún un tẹ̀, á kúrú padà. A lọ sí ìlú, a rí oríṣiríṣi, a sì yan èyí tó yára jù, nítorí pátákó náà fúyẹ́ nígbà tí a gbé e wò. Ọyẹ́ ló mú un gbẹ, a ò rò ó. Ọmọ olómi ni wá o, síbẹ̀ a gbàgbé omi!

Òjò dé, pákó mumi yó, ó wúwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ìyá wa tẹ bọ́tìnnì, ọ̀pá kérora, kò lè gbé e. Kíá ni ọkọ̀ ti kún iwájú ilé, tí aládùúgbò wa obìnrin kan ń ké pé, "Ìyé! Ẹ dá mi lóhùn o!" Ìyá wa bú sẹ́kún.

A padà sí ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwúwo tó lè gbé la kọ́kọ́ béèrè, a sì mú èyí tí wọ́n dí pa dáadáa kí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ó lọ́ra púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi so ó mọ́ bátìrì sólà.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí ìyá wa fi ìka òsì tẹ̀ ẹ́. Pátákó tútù náà mì, ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó kan ẹsẹ̀ ìyá wa, ó kan àyà rẹ̀, ó dé ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi rà á, ẹnu mi ò lè padé. Lórí omi, àwọn awakọ̀ gbé àjẹ̀ wọn dúró.

"Ta ló ṣí i?" ni ẹnì kan béèrè.

"Èmi ni o," ìyá wa dáhùn. "Mo ti jí!"

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun yan ẹ̀rọ sílé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: kí ni onílé náà ṣì fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?