Ìyá Tí Kì Í Wo Bọ́ọ̀lù Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìtàjí kì í wo bọ́ọ̀lù tí ọmọbìnrin wọn bá ń gbá. Bí ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà bá ń du àyè nínú ìdíje obìnrin Áfíríkà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á máa ké sí mi nídìí tẹlifíṣọ̀n pé, "Kò tíì ṣubú?"

Nínú ìdíje tó kẹ́yìn, ẹnìkan gbá ọmọ náà lórúnkún. Wọ́n ń gbé e jáde lọ́wọ́ nígbà tí màmá rẹ̀ ké sí mi. Mo ní, "Rárá o, Màmá, ó ń sáré."

A yege. Màmá wọlé wá, wọ́n ń jó. Àárín ijó ni ọmọ náà pè wọ́n lórí fóònù, ó ń sunkún. Títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ojú mi ni wọ́n ń wò.

Ọmọ náà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Màmá kò sì bá mi wí rí lórí irọ́ yẹn. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí.