Ògiri Àárín Ilé Kẹta

Ìlà ilé mẹ́ta ló wà fún àwọn ọ̀gá ológun nínú bárékè náà, bí o bá sì ti mọ ilé tí ẹnì kan ń gbé, o ti mọ iye ìgbà tí wọ́n ń bẹ́rí fún un lóòjọ́. Ilé mẹ́fà tó wà lórí òkè ni ti àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àwọn ológun ayé àtijọ́ ló kọ́ wọn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí wọn po, ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn kí èéfín má baà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, àjà wọn sì ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù á kọ́kọ́ dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Ti àwọn méjọ̀ wà ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú nìkan ni wọ́n fún wọn. Àwọn kápítéènì ló wà nísàlẹ̀, méjì-méjì lábẹ́ òrùlé kan. Bí ẹni apá òsì bá sín, ẹni apá ọ̀tún á ní pẹ̀lẹ́.

Abógirisọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe káfíńtà tó ń tọ́jú gbogbo ilé náà, nítorí pé kì í kan ìṣó kankan kó má kọ́kọ́ fi ìka gbá ògiri, kó sì dẹtí sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ti ìjọba ni. Ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló ń kó ẹrù.

Òfin kan wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé pé ọ̀gá kan ń lọ sí bárékè mìíràn, ọjọ́ méje ni wọ́n fún un, ilé tó ń fi sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú àwòrán tó wà ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ni kì í tún ilé ṣe? Ìyàwó ọ̀gá á ní pálọ̀ ti há jù fún àlejò. Abógirisọ̀rọ̀ á wó ògiri àárín, pálọ̀ á di gbọ̀ngàn. Tó bá di ọdún mélòó kan, lẹ́tà á dé, gbogbo ilé á dàrú: ògiri gbọ́dọ̀ padà sípò. Ta ló fẹ́ to bíríkì, kó rẹ́ ẹ, kó dúró kó gbẹ, láàárín ọjọ́ méje? Pílíwúùdù ni Abógirisọ̀rọ̀ ń kàn síbẹ̀, á fi símẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ ẹ, á kùn ún ní ọ̀dà funfun. Àwọn olùyẹ̀wò á wo àwòrán, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á buwọ́ lùwé. Kò sẹ́ni tó ń gbá ògiri nínú wọn.

Ó mọ̀ pé igi òrùlé kò rí nǹkan kan gbára lé mọ́ níbẹ̀. Ó ní páànù fúyẹ́, igi á gbé e. Ní ilé kẹta lórí òkè, igi náà sì gbé e fún ọdún méjìlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń fá ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí púlọ́ńbà wọlé wá yá àkàbà.

“Bàbá, a ti gbé táǹkì ńlá sínú òrùlé ilé kẹta lórí òkè,” ni púlọ́ńbà wí. “Kọ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ní omi kì í dé balùwẹ̀ òun dáadáa.”

“Orí kí lẹ gbé e lé?”

“Orí ògiri àárín ni. Mo wo àwòrán o, èmi kì í ṣiṣẹ́ jákujàku. Bíríkì tó nípọn ni. Omi ti ń wọ̀ ọ́ láti bí ogún ìṣẹ́jú.”

Ọwọ́ Abógirisọ̀rọ̀ dúró lórí ìfági. Ká sọ òótọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe àwọn tó wà nínú ilé, oṣù márùn-ún ni. Bó bá dákẹ́, bóyá igi á gbà á. Bí kò bá sì gbà á, púlọ́ńbà ló gbé táǹkì, kì í ṣe òun. Ìgbà náà ló rántí pé ìyàwó kọ́nẹ́ẹ̀lì bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

“Sáré lọ pa ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀,” ó wí. “Má bi mí ní nǹkan kan.”

Òun alára gbé òòlù, ó kọrí sókè. Àgbàlagbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ó dé ẹnu géètì ilé kẹta.

“Bàbá, ìwé àṣẹ dà?” ni ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ bi í.

“Kò sí ìwé. Ilé yìí fẹ́ wó.”

Ṣọ́jà yíjú wo ilé náà. Ó dúró digbí, ó funfun báláú. Kó tó yíjú padà, bàbá ti kọjá lábẹ́ apá rẹ̀.

Ìyàwó kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó sí pálọ̀, ó gbé àga rẹ̀ ti ògiri náà gan-an, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Lókè, igi dún kẹ̀ẹ̀, ó dákẹ́, ó tún dún.

“Mádáàmù, ẹ dákun, ẹ gbé ọmọ jáde.”

“Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kí ló dé?”

“Ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì yẹn kì í ṣe ògiri.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bíríkì ayé àtijọ́ ni, bàbá. Ọkọ mi fi hàn mí nínú àwòrán.”

Ọ̀rọ̀ ti kọjá àlàyé. Abógirisọ̀rọ̀ gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. Pílíwúùdù tí ikán ti jẹ fún ọdún méjìlá kò lè dá òòlù dúró. Obìnrin náà wo inú ihò tó lu, ó rí tábìlì oúnjẹ rẹ̀ ní yàrá kejì. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó dìde.

Wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí igi fi dá. Táǹkì gba inú àjà já wálẹ̀, orí àga náà ló sọ̀. Omi gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó bò wọ́n lẹ́sẹ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì dé. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ti ìyàwó rẹ̀, ó wá wọlé. Nígbà tó jáde, ẹ̀là pílíwúùdù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Púlọ́ńbà náà ti dé.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Abógirisọ̀rọ̀ wí. “Púlọ́ńbà ò mọ nǹkan kan.”

“Bàbá yìí ló yọ wá,” ni ìyàwó kọ́nẹ́ẹ̀lì wí.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò gbójú kúrò lára bàbá. “Ilé yìí nìkan ni?”

Bàbá kò retí ìbéèrè yẹn. “Bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo ló kù kó wí. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe obìnrin náà, ó hàn lójú rẹ̀, wọ́n sì lè torí ọmọ fi orí jì í, kó lo oṣù márùn-ún rẹ̀ tán. Kò sí táǹkì lórí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kò sí lórí èyí náà títí di àárọ̀ yìí. Kò kà wọ́n rí láti ọjọ́ yìí wá. Ó dúró nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n.

“Mẹ́sàn-án ló kù, ọ̀gá.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò pariwo. Ó ní kí ṣọ́jà méjì tẹ̀lé bàbá, kó máa fi ilé hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ilé méjọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ìyàwó méjọ̀ ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí bàbá. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń ṣeré ní pálọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá wa, ẹ káàbọ̀,” ó wí. “Ọpẹ́lọpẹ́ yín lára wa nínú ilé yìí.”

“Ẹ kó àwọn ọmọ jáde,” ni bàbá wí. “Èmi ni mo ba ilé yín jẹ́.”