Ẹsẹ̀ Tí Kò Wá Búrẹ́ẹ̀kì

Kò sí ọ̀nà mọ́tò kankan ní abúlé wa ní agbègbè Etikan. Orí òpó nilé wa dúró lé, afárá pákó ni títì wa, ọkọ̀ ojú omi la sì fi ń re ọjà. Síbẹ̀, bí fíìmù mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn. Mò ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà náà, ohun tí mo bá sì rí nídìí rẹ̀, àwo fíìmù ni mo fi ń rà ní Igbókòdá. Mo mọ fíìmù tí táyà ti ń ké lórí iyanrìn, bẹ́ẹ̀ iyanrìn kì í jẹ́ kí táyà ké. Mo mọ èyí tí awakọ̀ ti ń yí jíà sókè ṣáá, títí ó fi kọjá iye jíà tó wà nínú mọ́tò. Mo máa ń dá àwòrán dúró, màá na ìka sí i: "Ẹ wò ó, gíláàsì iwájú tó fọ́ lẹ́ẹ̀kan ti padà di odidi!"

"Jẹ́ ká wo fíìmù wa jàre," màmá mi á ní. "Ìwọ tí o kò ní kẹ̀kẹ́."

Nígbà tó yá, àwọn òǹwòran gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Bí mọ́tò bá yà sọ́tùn-ún, gbogbo ilé á fara tẹ̀ sósì, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Àbúrò bàbá mi tó ń wa lọ́rì ní Àkúrẹ́ nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ewu bá ti yọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ pákó mọ́lẹ̀ gbì! Kì í mọ̀ pé òun ṣe é. Mo wá gbà pé awakọ̀ lè fi ẹnu pa irọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bá a pa á.

Òkun ti gbé ilé méjì mọ́ bàbá mi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní ọmọbìnrin òun kankan kò ní fẹ́ ẹni tó ń gbé lórí omi. Nígbà tí ọkùnrin kan wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ní bọ́ọ̀sì lòun ń wà ní Òkìtìpupa láti ọdún pípẹ́, ara bàbá mi yá gágá. Tèmi kò yá. Àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà le jù, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ojú ẹni tí oòrùn orí omi ń pa lójoojúmọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wá kí wa, mo ki fíìmù kan bọ ẹ̀rọ. Takisí kan ń bọ̀ láti orí òkè nínú rẹ̀, búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ sì já. Gbogbo ilé kígbe. Èmi kò wo takisí. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni mo tẹjú mọ́. Kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ sẹ́yìn, tó di afẹ́fẹ́ mú, tó sì ń lọ́ ọ.

"Bọ̀dá, ẹ ò tẹ búrẹ́ẹ̀kì?"

"Búrẹ́ẹ̀kì wo? Ṣé èmi ni mò ń wà á ni?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sídìí ẹja tó ń yan.

"Ọkùnrin yìí kì í ṣe awakọ̀ o."

"Fíìmù ti yí ẹ lórí." Ṣùgbọ́n kò yí ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. "Bó bá lè parọ́ iṣẹ́, kí ni kò ní lè parọ́ lé lórí? Ìwọ náà á bá wa lọ."

Ọkùnrin náà ti ṣèlérí pé òun á mú ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ilé tí wọn yóò gbé ní Òkìtìpupa. Bọ́ọ̀sì kan ń dúró dè wá ní Igbókòdá. Mo jókòó síwájú, mo ń ṣọ́ ọ. Jíà kejì ló fi gbéra, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún ṣáná sí i. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yí jíà, ó máa ń wo ọ̀pá jíà. Ó fẹ́ fọn fèrè, omi ló tú sórí gíláàsì.

"Bọ́ọ̀sì yín nìyí?" mo bi í.

"Tiwa ni."

"Tiwa bíi ti ta ni?"

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọ̀nà."

A dé ibi tí ọ̀nà ti yà sọ́tùn-ún. Ó fi gbogbo agbára yí sítíárìn sósì. Àwa ará omi mọ ohun tó ṣe. Bí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́tùn-ún, òsì lo máa ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ sí. Koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gbà wá, bọ́ọ̀sì rì sínú ẹrẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọlọ́run yọ wá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Mò ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò ní apá ibi tí òkun wà." Ọkùnrin náà kò lè gbójú sókè. "Ọ̀rẹ́ mi ló ni bọ́ọ̀sì. Òun ló ń kọ́ mi. Bàbá yín ló ní òun ò fẹ́ ará omi."

"Bàbá mi lo máa sọ ọ́ fún. Lónìí."

A fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, a gun ọ̀kadà padà sí jẹ́tì, èbúté Igbókòdá. Ó yá ọkọ̀ ojú omi kan, ó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì ń gba àárín igi odò kọjá láìkan ewé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú pátápátá, ó kẹ̀yìn sí i.

Bàbá mi ń di àwọ̀n lórí afárá. "Ẹ mà tètè dé. Òkìtìpupa ti sún mọ́ wa ni?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sórí pákó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dá èyíkéyìí sí. Bàbá mi ń di àwọ̀n rẹ̀ lọ títí ó fi parí ojú kan, kó tó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ bi í léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà gan-an, bàbá. Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi gbé àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dìde, kó o jókòó," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ bàbá ẹ."