Ìwé Aláríyànjiyàn àti Iṣu Méjìlélógójì

Afárá igi kan wà lójú ọ̀nà oko wa, ní ẹ̀gbẹ́ Òtu níbẹ̀, tí àgbàrá gbé lọ ní ọdún kan tí òjò pọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa nígbà náà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ o. Èmi nìkan ni mo ka ìwé mẹ́fà parí láàrin wọn. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí kánsù kí wọ́n bá wa ṣe afárá. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin. Mo fèsì fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé odò náà kéré, mo fèsì fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí a máa lúwẹ̀ẹ́ kọjá, mo sì fèsì fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìlú wa ò sí lórí ilẹ̀ ayé.

Ọ̀gá tó gba ìwé náà kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìwé aláríyànjiyàn lẹ kọ yìí. Ẹ̀ ń bá èèyàn tí kò tíì sọ̀rọ̀ jà."

Wọn ò ṣe afárá náà. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni gbé àgbò ọdún. Aláríyànjiyàn! Mo ti gbọ́ kí wọ́n pe ènìyàn bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ kí wọ́n pe ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Lójú mi, ìwé mi ti dé fìlà. Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, inú wọn dùn ju ẹni tó rí afárá lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí n bá òun kọ̀wé, wọn á ní, "Akọ̀wé, ẹ fi aláríyànjiyàn sí i dáadáa o," bí ìgbà tí èèyàn ń sọ ti ata.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí nígbà tí àbúrò mi fẹ́ gbéyàwó.

Ọmọ ìyá mi ni, kò sì sí ohun tó ní ju oko iṣu àti alùpùpù kan. Ó rí ọmọbìnrin kan ní Ìlerò, ọmọbìnrin náà gbà, àwọn ìyá méjèèjì ti ríra, wọ́n ti rẹ́rìn-ín síra wọn. Ó ku ìwé ìtọrọ, tí ẹbí ọkọ máa ń kọ sí ẹbí ìyàwó kí wọ́n tó mú ọjọ́ ìdána. Bàbá wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí. Àbúrò mi ṣa iṣu méjìlélógójì nínú àká rẹ̀ fún ẹrù ìdána, kò sí èyí tó kéré ju itan ọkùnrin lọ nínú wọn, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi kọ ọ́ kó dùn."

Mo kọ ọ́. Mo ka á sétígbọ̀ọ́ ìyá mi: "Àwa kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni wá, kó mú ẹ̀rí wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò ó pé ọmọ wa yá alùpùpù rẹ̀ ni, a ta kò ó pátápátá."

Ìyá mi gbọ́ ọ parí. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ní ọ̀lẹ ni wá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, Ìyá. Mo ń dènà ni."

"O ń dènà. O ò ṣe kọ́kọ́ kí wọn?"

"Mo kí wọn nísàlẹ̀."

Bàbá ìyàwó yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń jókòó sílé láìrí ẹni tí wọn yóò fi gègé pupa máàkì ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, èsì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "A rí ìwé aláríyànjiyàn yín gbà." Ara mi yá gágá. Ọ̀rọ̀ kan náà! Láti kánsù dé Ìlerò, àwọn tó mọ̀wé ti fẹnu kò lórí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to kókó márùn-ún sílẹ̀. Ẹ̀kíní: àwọn ò sọ pé ọ̀lẹ ni wá, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wá yìí, àwọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹ̀kẹta: ta ló dárúkọ alùpùpù?

Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí yóò dákẹ́?

Mo fèsì. Wọ́n fèsì. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìlerò ló ń bá wa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Níbi ìwé kẹta, àwọn iṣu ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Níbi ìkẹrin, ìtàkùn wọn ti ń gun ògiri, ìyá mi sì fi aṣọ inùwọ́ kọ́ ọ̀kan.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà fún bàbá náà."

"Kí n gbà kẹ̀? Lórí kókó kẹta?"

"Lórí gbogbo kókó! Iṣu ń hu!"

"Èmi tí mò ń jà fún ọ."

"Ẹ̀ ń jà fún mi, bàbá ń jà fún ọmọ wọn. Ta ló wá ń ṣe ìyàwó?"

Mo ní kó má yájú. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó pàdé ọmọbìnrin náà, ó sì padà wálé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ọmọbìnrin náà ti ròyìn ilé wọn fún un. Ìyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, arúgbó kùjọ́kùjọ́ tó máa ń jókòó sórí ẹní fọ́ ẹ̀gúsí. Bí ìwé mi bá ti dé, ìyá àgbà á bi ọmọ wọn, tíṣà, pé, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ń jiyàn, Ìyá."

"Wọ́n ti tọrọ ọmọ?"

"Wọn ò tíì débẹ̀."

Ìwé kejì, wọn ò tíì débẹ̀. Ìkẹta, wọn ò tíì débẹ̀. Nígbà tí ìkarùn-ún dé, ìyá àgbà da èèpo ẹ̀gúsí nù. "Ẹ sọ fún akọ̀wé yẹn: bí kò bá débẹ̀ títí Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan wà ní Òkèhò tó ti débẹ̀ tipẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní irọ́ ni, báwo ni mo ṣe máa kọ ìwé ìtọrọ márùn-ún láìtọrọ? Mo kó ẹ̀dà wọn jáde, nítorí mo máa ń fi kábọ̀n sábẹ́ gbogbo ìwé tí mo bá kọ. Mo fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo rí "a ta kò ó" ní ibi mọ́kànlá. Mo rí "kò rí bẹ́ẹ̀ rárá" débi tí ó sú mi. "Ẹ fún wa lọ́mọ yín"? Kò sí níbì kankan. Lẹ́ẹ̀kan, ní ìwé kẹrin, mo súnmọ́ ọn, mo wá yà lọ sórí alùpùpù.

Mo ká àwọn ẹ̀dà náà pọ̀. Àbúrò mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ní ọjọ́ Alámísì, a kó iṣu sínú ọkọ̀ tòun ti ìtàkùn tó ń fì lẹ́yìn bí irù ẹṣin. Ìyá mi wò mí. "Bí o bá la ẹnu níbẹ̀, gèlè orí mi yìí ni n óò fi dí i."

A dé Ìlerò. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lọ́mọ yín ká fi ṣaya." Ó tán. Kò kún ẹnu.

Bàbá ìyàwó dìde, wọ́n fa bébà kan yọ nínú àpò agbádá. "Ṣùgbọ́n ní ti kókó kẹta..." Wọ́n wò mí. Kí Ọlọ́run forí jì mí, ọwọ́ mi ti dé ibi bírò.

"Ìwọ ọmọ yìí, jókòó," ni ìyá àgbà wí. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún jókòó. "A ti gbọ́. A fi ọmọ fún yín."

Bàbá náà tún wo ẹrù ìdána. "Iṣu kọ́ lèyí mọ́ o, ẹ̀bù ni."

Mo la ẹnu. Ìyá mi gbọ́wọ́ lé gèlè. Mo pa á dé.

"Ẹ lọ gbìn wọ́n," ni ìyá àgbà wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá èyí tó wù ú fún wọn. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ jí nílé wa, àbúrò wa obìnrin ti di Eyín-fún-jowó, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti di Baba-ń-sáré. Mo jókòó sórí àga, mo dé fìlà, mo ń retí tèmi. Mo mọ èyí tó yẹ: Aláríyànjiyàn. Ọmọ tíṣà ni, ó ti rí i nínú ìwé bàbá rẹ̀.

Ó gbé omi wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Kò-tíì-débẹ̀."

Ìdáhùn mẹ́ta wá sí mi lẹ́nu, mo sì mọ èyí tí n bá fi ṣe ẹ̀kíní. Àbúrò mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo gba omi náà, mo mu ún.