Ọ̀pá Ewé Ìbẹ́pẹ àti Páìpù Ọ̀gá

Ó kàn dún "ṣín" lẹ́ẹ̀kan péré, nínú omi ọṣẹ, lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé mo ti gbé. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Ọ̀gá ń bọ̀ láti ìrìnàjò lọ́jọ́ Sátidé.

Magodo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nígbà náà, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń fọṣọ, èmi náà ni mò ń fọ ṣíṣà Ọ̀gá, ìyẹn ìkòkò gíláàsì tó rà ní Dubai, tó fi ń fa èéfín gba inú omi kọjá. Ìdí rẹ̀ rí rogodo bí akèrègbè. Páìpù gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ti ọrùn rẹ̀ wọnú omi lọ. Páìpù yẹn ni mo fọ́. Ó rún wómúwómú débi pé kò ku èyí tí èèyàn lè mú lọ sọ́jà pé irú eléyìí ni mò ń wá.

Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: "Fọ́ tẹlifíṣọ̀n, má fọ́ èyí." Kì í na èèyàn o. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́ nínú ilé, Bíbélì àti Kùránì ló máa ń gbé sórí tábìlì. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò búra, òun ló ṣe é nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kọ̀, ó ní ìyá òun ò gbà kí òun búra. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá tèmi sì wà ní Ìkòsì tó ń ṣàìsàn ọkàn, dókítà ti ní a ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó lè já a láyà fún un. Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ìròyìn yẹn ló máa pa á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Bàbá dírẹ́bà, àgbàlagbà kan láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lẹ́yìn ilé. Ó bá mi lẹ́yìn kíṣìnnì tí mò ń gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Mo ti rò ó dáadáa: ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ dà bíi páìpù, inú rẹ̀ ṣófo. Mo ti ọ̀kan bọ ihò ọrùn ṣíṣà, ó há gádígádí. Mo ní mo ti rí ìwọ̀n nìyẹn.

Bàbá náà mi orí. "Ọmọ mi, ohun tútù máa ń rọ. Wá irin fi wọ̀n ọ́n."

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n máa tì mọ́lé."

Ó yí padà, ó lọ fọ mọ́tò.

Mo lọ sí Kẹ́tù lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ta ohun èlò omi ẹ̀rọ ní páìpù oníke ni àwọn ní, wọ́n tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Sisí, ta ló ń fi gíláàsì fa omi?" Mo ṣépè fún wọn nínú. Lọ́jọ́bọ̀ mo dé Máìlì 12, mo rìn títí ẹsẹ̀ mi fi wú, òfo. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà délé, ṣíṣà yẹn á wà lórí tábìlì tó ń la ẹnu sílẹ̀ sí mi. Mo fi aṣọ bò ó. Àyà mi ò balẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀sán Ẹtì ni wọ́n júwe ìyá kan fún mi ní Kẹ́tù, tó ń ta ohun èlò sáyẹ́ǹsì fún àwọn iléèwé. Páìpù gíláàsì kún ibẹ̀ lóríṣiríṣi. Ó bi mí pé báwo ló ṣe tóbi tó. Mo fa ọ̀pá ìbẹ́pẹ mi yọ nínú báàgì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dá ẹ lójú pé èyí ni?"

"Ó dá mi lójú, Mummy."

Ó wá èyí tó bá a mu, ó gé e. Mo dé ilé, mo tì í bọ ihò, ó já wọnú ìkòkò gbìnrín, bí ìgbà tí owó ẹyọ bá já sínú àwo. Ọ̀pá yẹn ti rọ láàárín ọjọ́ méjì, ó ti súnkì, èmi ò sì fura. Yéè! Mo lọgun. Mo sáré padà sí Kẹ́tù, ìyá náà ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Mọ́ńdè.

Bàbá kò sọ pé "mo ti sọ fún ẹ." Ó gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lára tíúbù táyà àtijọ́, ó wé e mọ́ ọrùn páìpù títí ó fi há.

Sátidé, Ọ̀gá dé. Ó fi èédú sórí ṣíṣà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó dáwọ́ dúró, ó ń gbóòórùn. Ó yọ páìpù, ó rí rọ́bà.

"Táyà rèé. Ta ló ń ṣiṣẹ́ táyà nínú ilé yìí?"

Bàbá ní òun ni òun wé e, sà. Ọ̀gá kò bèèrè mìíràn. Ó wọlé, ó gbé Bíbélì àti Kùránì jáde.

Èmi ló kọ́kọ́ kàn. Ojú ìyá mi ni mò ń rí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Bíbélì, mo ní, "Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí Ọlọ́run bá mi wí." Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ohun tó ń já mi láyà títí dòní nìyẹn.

Ọ̀gá gbé Kùránì fún Bàbá. Òótọ́ lásán ló kù kó sọ, òun náà á sì bọ́. Tó bá ti búra pé òun kọ́, èmi nìkan ló kù nìyẹn, torí àwa méjì péré la wà nílé nígbà tí Ọ̀gá lọ. Ó wo Kùránì, ó wò mí, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò ní búra, sà."

Ọ̀gá, tí kì í pe Bàbá ní "ìwọ" rí, ní, "Ìwọ yìí! Ewú orí ẹ ni mò ń wò tí mi ò fi ní pe ọlọ́pàá. Kó ẹrù ẹ."

Mo sìn ín dé géètì. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò dúró gbọ́. Ó fi irin bóòtù mọ́tò kan, irú èyí tí wọ́n fi ń de táyà, sí mi lọ́wọ́. "Mo ti tì í bọ ihò yẹn wò. Èyí ò ní rọ. Kí Màmá ẹ o."

Mọ́ńdè, mo mú bóòtù náà lọ sí Kẹ́tù. Páìpù tí wọ́n fi bóòtù wọ̀n wọ ihò náà wẹ́kú. Ọ̀gá fa èéfín, ó ní èmi nìkan ló mọ iṣẹ́ nínú ilé òun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Bóòtù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rí Bàbá mọ́. Tí ara ọmọ mi bá ń gbóná, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kan iwájú orí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tún tí mo gbé lé Bíbélì.