Omi Ìfọṣọ, Ti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ni

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ kàn ń tẹ bọ́tìnì tí aṣọ ń fọ ara rẹ̀. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ ṣáà jókòó.

Láàárọ̀ àná ni òórùn ọṣẹ gba ojú fèrèsé wọlé bá mi nínú ilé mi níbí ní Enugu. Omi ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ló ń gba inú rọ́bà gígùn kan lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí ìfóòfó funfun ń wú lórí ilẹ̀ pupa. Ọmọbìnrin mi, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, ní ìtìjú gbáà ni, pé kí n jẹ́ kí púlọ́ńbà so rọ́bà náà mọ́ páìpù tó lọ sínú sókàwéè, kòtò omi ilé ìgbẹ́, bíi ti gbogbo èèyàn. Mo ní mi ò so ó. Ó ní kí ló dé. Mo ní nítorí bàbá àgbà rẹ̀ ni.

Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, àfi tó bá ra nǹkan tuntun. Olùkọ́ ni ìyá mi. Tánkà ló ń gbé omi wá fún wa láti Ninth Mile lórí òkè, omi sì níyì nílé wa ju ẹran lọ. Omi tí a fi fọ aṣọ kò gbọdọ̀ ṣòfò, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Ìyá mi kì í jẹ́ kó wọ sókàwéè láéláé. Ó ní ikùn ilé ni kòtò yẹn, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń da oúnjẹ rẹ̀ kó tó fi omi fún ilẹ̀, bí a bá sì rọ omi lé e lójijì, á bì. Epo tí a fi dín àkàrà pàápàá, inú agolo ló ń lọ, kì í gba ojú ihò síńkì. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì moore: a jẹ dòdò títí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣu.

Lásìkò òjò ọdún kan, bàbá mi gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀ kan wá láti New Market. Kò tíì sí irú rẹ̀ ládùúgbò. Lójú tirẹ̀, a ti di ará ìlú nìyẹn: rọ́bà á wọ sókàwéè, a ó sì gé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ̀yìnkùlé lè dà bí ti òyìnbó. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ní kí àwọn agégi wá. Ìyá mi gbé àdá ilé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Bàbá Délé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi kò lọ síbì kankan." Délé ni ẹ̀gbọ́n mi. "Omi ìfọṣọ, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

"Ìyá Délé, ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣé títí la ó máa ṣe bí ará oko ni?"

"Ẹni tó bá gé e, á padà wá a."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Kó lè fi hàn án, ó lọ gba gbogbo aṣọ funfun àwọn akọrin ìjọ Yorùbá wa, tí wọ́n máa wọ̀ sí àjọ̀dún wọn ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ní ọ̀fẹ́ lòun ó fọ̀ ọ́. Ní Sátidé, iná mànàmáná tí kì í dúró, dúró bí ẹni tó fẹ́ wo ìran. Ẹ̀rọ ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹrù lórí ẹrù, ọṣẹ lórí ọṣẹ, gbogbo omi rẹ̀ ń ya lọ sínú kòtò tí òjò ti mu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yó. Àwọn akọrin wá jókòó wò ó, wọ́n ń pe bàbá mi ní Ọ̀gá Maṣíìnì. Ìyá mi jókòó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fọ aṣọ tiwa, ó ń da omi rẹ̀ síbi tó máa ń dà á, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ilé tí a gbé nígbà náà ti di ṣọ́ọ̀bù, àwọn akọrin ọjọ́un ti tú ká, èdè òyìnbó sì ni àwọn ọmọ wọn fi ń kọrin. Ṣùgbọ́n tánkà ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ninth Mile, kòtò ṣì ní ikùn, ikùn sì ní ìwọ̀n. Ẹrù aṣọ kan lóòjọ́ ni mò ń fọ̀. Epo kì í wọ síńkì mi. Rọ́bà mi kò sì ní kúrò nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni ojú bá tì, kó bo ojú.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ọjọ́un ńkọ́? Aṣọ akọrin mọ́, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kòtò ti bì. Ìfóòfó ọṣẹ ti gba ojú ilé ìgbẹ́ jáde, ó kó ohun tí n kò ní dárúkọ dání, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo la sì ní. Bàbá mi ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ẹ̀wù rẹ̀ funfun báláú, ilé ìgbẹ́ sì ń pè é. Ó wo ilé ìgbẹ́, ó wo ìyá mi. Ìyá mi kàn na kẹ́tùlù omi kékeré kan sí i. Bàbá mi gbà á, ó ká ẹ̀wù sókè, ó sáré wọ àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kò tíì fìdí balẹ̀ tí Mama Ngozi, aládùúgbò wa, fi yọrí lókè ògiri, tó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Papa Dele, good morning sah. You dey water plantain?"

Bàbá mi dáhùn láàárín ewé, bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Yes, madam. And nobody go cut am."