Ìkéde Ààrẹ Tó Bá Garawa Gòkè

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Verdell Gaskins, ti kọ́ mi pé kí n má ṣe lo ọ̀rọ̀ tó bá tóbi ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó mọ ohun tó ń sọ. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lathrop, nígbà tó wá jẹun nílé wa. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá ti bára mu, ti Àǹtí mi ni mo gbà.

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Washington ni Àǹtí Verdell ti ń ṣiṣẹ́. Bí Ààrẹ bá kéde pé ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ti àwọn tó ń sin oyin, tàbí pé oṣù kan jẹ́ ti ìtọ́jú eyín, ọ́fíìsì wọn ló ń tẹ ìkéde náà sórí ìwé tó nípọn. Wọ́n á lẹ òǹtẹ̀ wúrà mọ́ ọn nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí Ààrẹ bu ọlá fún àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀rọ ló ń bá Ààrẹ fọwọ́ sí i. Àǹtí mi ní kí n má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o, ọwọ́ ẹ̀rọ náà kì í gbọ̀n bíi ti àwọn Ààrẹ mìíràn.

Ní ìparí gbogbo ìkéde, Ààrẹ máa ń rọ gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n fi ayẹyẹ tó yẹ ṣe ọ̀sẹ̀ náà. Mo rò pé Àǹtí mi nìkan ló ń jẹ́ ìpè yìí ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́sẹ̀ ìdènà iná, ilé dé ilé ló ń lọ ní àdúgbò wa ní Southeast, tó ń fi igi ìgbálẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá rú, títí gbogbo ajá àdúgbò á fi máa gbó. Lọ́sẹ̀ àwọn ilé ìkàwé, ó dá gbogbo ìwé tó yá padà, ó sì dá tiwa náà padà nígbà tí a kò tíì kà á tán. Lóṣù eyín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan súìtì níwájú rẹ̀.

Màmá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi. Ààrẹ fúnra ẹ̀ ò ṣe é."

"Ààrẹ ní iṣẹ́ tiẹ̀. Tèmi ni kí n gbọ́ràn."

"Ta lẹ tiẹ̀ dìbò fún gan-an?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Gbé ọbẹ̀ pupa yẹn wá kí n fi jẹ ẹja mi."

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún nínú iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ẹ̀dà ìkéde kan, ọ̀kan péré ni wọ́n máa ń so rìbọ́nì búlúù mọ́. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá béèrè fún ìkéde ni rìbọ́nì tọ́ sí. Àwọn tí Ààrẹ ń bu ọlá fún kì í sábà béèrè, nítorí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀sì tà ni wọ́n gba rìbọ́nì. Lọ́sẹ̀ àwọn tó ń já èso, àwọn olóko ló gbà á, wọ́n sì sunkún ayọ̀. Orí tábìlì ni Àǹtí mi ti ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà tó ti wọṣẹ́ náà ní omidan, kò tíì fojú rí ẹnì kan tó gba ìkéde tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lathrop pè é nítorí ẹ̀bùn ìdágbére. Ọ̀gbẹ́ni Lathrop kéré sí i púpọ̀, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ọ̀gá tó bá gbọ́n ṣe máa ń bẹ̀rù àgbà tó bá lẹ́nu iṣẹ́.

"Miss Verdell, ṣé kéèkì lẹ máa gbà ni àbí aago?"

"Mi ò fẹ́ kéèkì. Mo ní aago."

"Kí wá lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi gbé ìkéde kan fún ẹni tó ni ín. Kí n rí ojú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n tó lọ."

Ọ̀sẹ̀ Àwọn Olùṣí Afárá ló kàn. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jókòó sínú yàrá kékeré lórí afárá, tí wọ́n ń gbé afárá náà sókè kí ọkọ̀ ojú omi tí òpó rẹ̀ ga lè kọjá. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ní Pinder's Landing, ìlú kékeré kan létí omi ní Maryland, ló béèrè fún ìkéde náà. Olórí wọn, Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb Sayre, máa ń dé fìlà oníwúrà bíi ti ọ̀gágun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jagun rí. Wọ́n fẹ́ fi ayẹyẹ bu ọlá fún olùṣí afárá ìlú wọn, Elwood Dashiell, ẹni tó ti ń gbé afárá náà sókè láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n ti gbé àga sílẹ̀ dè é níwájú, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Lathrop ló wa mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé náà. Àǹtí mi dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé àpò awọ lé orí ẹsẹ̀. Ìkéde méjì ló wà nínú àpò náà: ti onírìbọ́nì, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, àti èyí tí kò ní rìbọ́nì, tó jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Dashiell. Òdìkejì omi ni ibi ayẹyẹ wà. Wọ́n dé etí afárá, wọ́n bá géètì tó ń dá mọ́tò dúró ní títì. Afárá ti dìde dúró bí ilẹ̀kùn, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àsíá lóríṣiríṣi.

Fóònù Ọ̀gbẹ́ni Lathrop dún. Ọ̀gbẹ́ni Sayre ni.

"Lathrop, ẹ dà? Aláwòrán ti dé."

"A wà níbi afárá, sà."

"Afárá wo?"

"Afárá yín, sà. Ó ṣí sílẹ̀."

"Ẹ sọ fún bàbá yẹn kó pa á dé!"

"Sà, ọkọ̀ yín ló ń kọjá."

"Gbogbo wọn náà?"

"Wọ́n ṣì ń bọ̀, sà. Mi ò tíì rí ìrù wọn."

Báyìí ló ṣe yé wọn. Ẹgbẹ́ náà ti pinnu pé gbogbo ọkọ̀ wọn ni yóò tò kọjá lábẹ́ afárá láti fi yẹ́ olùṣí afárá sí. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó rò ó pé ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí náà ni yóò ṣí afárá fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kọjá ṣáájú mọ́tò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tìtorí ìyẹn gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́ rí, wọ́n sì borí.

Ọ̀gbẹ́ni Sayre tún pè. "Dashiell náà ńkọ́? Àga ẹ̀ ṣófo níbí o."

"Ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀, sà."

Àǹtí mi kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ géètì, ó lọ dúró sísàlẹ̀ yàrá olùṣí afárá. Òkè ni yàrá náà wà, àkàbà irin ni wọ́n fi ń gùn ún. Bàbá arúgbó kan yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ padà sẹ́yìn géètì, mà!"

"Ṣé ẹ̀yin ni Elwood Dashiell?"

"Tó bá jẹ́ tìtorí pé ẹ ti dúró pẹ́ ni, nọ́ńbà ibi tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn wà lára pátákó yẹn."

"Mi ò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ààrẹ ló rán mi sí yín."

"Ààrẹ?" Bàbá náà wo ìlà mọ́tò tó wà lẹ́yìn. "Ṣé òun náà wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí ni?"

"Ó kéde pé tiyín ni ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ ọlá yín ni."

"Ọ̀sẹ̀ yìí? Mà, wọn ò dá mi lóró tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti débí. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń fọn fèrè létí mi. Ẹ bá mi kí Ààrẹ, ẹ ní ó ṣeun. Kó má ṣe é mọ́."

"Ẹ ṣáà sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á."

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí afárá ṣí, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n gòkè wá, nígbà náà."

"Ìyẹn náà, iṣẹ́ ti bọ́." Ó ronú díẹ̀. "Mo ní garawa ṣá. Ìyẹn ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ sókè fún mi."

Ó sọ garawa náà kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Èèpo akàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Àǹtí mi sì tẹ́ ìborùn rẹ̀ lé e lórí kó tó ṣí àpò. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Lathrop sáré dé, táì rẹ̀ ti bọ́ sẹ́yìn.

"Miss Verdell! Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ò ní rìbọ́nì! Onírìbọ́nì yẹn, àwọn tó béèrè ló ni ín!"

Àǹtí mi kò ṣàìgbọ́ràn sí ọ́fíìsì rí, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ fi ìyẹn parí iṣẹ́. Ó dúró pẹ̀lú ìkéde méjèèjì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Dashiell, ṣé ẹ béèrè fún ìkéde yìí?"

"Èmi? Rárá o!"

"Ẹ béèrè."

"Kí n béèrè kí ni?"

"Ẹ ṣáà béèrè, bàbá yìí! Ọkọ̀ ń bọ̀!"

Bàbá náà wo Ọ̀gbẹ́ni Lathrop, ó wo garawa rẹ̀, ó ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè rí nǹkan tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yẹn gbà?"

Àǹtí mi yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ó ti béèrè."

Nílé wa, Ọ̀gbẹ́ni Lathrop jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti rántí ibi tí òfin ti sọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè, òun kò sì rántí ibì kankan.

Báyìí ni ìkéde Ààrẹ ṣe bá garawa gòkè, tí rìbọ́nì búlúù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Bàbá náà nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò kó tó mú un. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Mo bi Àǹtí mi léèrè pé báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí, nítorí ohun tó tìtorí rẹ̀ lọ nìyẹn. Ó rò ó pẹ́. Ó ní ó rí bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ tuntun gbé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ kan fọn fèrè, bàbá náà sì wọlé.

Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn kọjá, afárá wálẹ̀, wọ́n sì dé ibi ayẹyẹ. Ọ̀gbẹ́ni Sayre yẹ ìkéde tí wọ́n gbé fún un wò lójú àti lẹ́yìn.

"Rìbọ́nì dà?"

"Ọwọ́ ẹni tó béèrè ló wà, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Lathrop wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Èmi kọ́ ni mo béèrè ni?"

"Ẹ̀yin náà béèrè, sà."

Aláwòrán ń dúró, nítorí náà Ọ̀gbẹ́ni Sayre rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Ó ní ó dun òun pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ráyè wá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún àga tó ṣófo náà, wọ́n sì lọ jẹ akàn.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí mi àti Ọ̀gbẹ́ni Lathrop ń padà bọ̀. Wọ́n tún bá géètì ní títì, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ náà ń lọ sílé. Oòrùn ti wọ̀ dé ọgbọọgba fèrèsé yàrá òkè, ìwé funfun kan sì wà lára gíláàsì, níbi tí ìtànṣán ìbá ti máa wọ bàbá náà lójú.

"Miss Verdell," ni Ọ̀gbẹ́ni Lathrop wí, "ó ti fi ìkéde Ààrẹ ṣe kọ́tìnì."

Àǹtí mi na ọrùn síta. Ẹ̀yìn ìwé náà ló kọjú sí ojú ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè mọ ohun tó jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ lára, ọ̀dọ̀ bàbá náà ló kọ sí. Oòrùn gba inú ìwé náà kọjá, òǹtẹ̀ wúrà sì ṣókùnkùn roboto nínú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí bàbá náà wà, ó dúró sójú kan, kò wo omi, kò wo mọ́tò.

"Ṣé kí n fọn fèrè fún un ni?" ni Ọ̀gbẹ́ni Lathrop béèrè.

"Rárá o. Ẹ pa ẹ́ńjìnì. A ò kánjú."